Ta Ni Yóò Bá Wa Gbá Ìsàlẹ̀ Omi? Ẹ̀kọ́ Lórí Yíyan Àwọn Ẹ̀dá Ìsàlẹ̀ fún Àpótí Ẹja Kékeré

Láti ọjọ́ tí àpótí ẹja ti dé yàrá ìpàdé ẹgbẹ́ wa ni ẹnu kò ti sinmi lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìpàdé bá ti parí, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń bi wá: ẹ̀dá wo ni kí a rà tí yóò máa bá wa gbá ìsàlẹ̀ omi yìí mọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti dáhùn ìbéèrè yìí, ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò sì dára. Gọ́pì mọ́kànlá ni ó bá méjì àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹta ì bá bá ènìyàn wí. Ìdí nìyí tí a fi jókòó ti ìwé, tí a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀, kí a tó kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ bí àpótí náà ti tó. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ìbú rẹ̀ jẹ́ 30, gíga rẹ̀ náà jẹ́ 30. Ẹni tí ó bá ṣe ìsọdipúpọ̀ wọn yóò rí i pé lítà 54 ni omi tí ó lè gbà bí a bá bù ú kún dẹ́nu. Bí a bá yọ ti yanrìn, òkúta àti àlàfo òkè kúrò, kò tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì. Omi tí ẹnì kan ń fi wẹ̀ tí ó sì fi ń fọ aṣọ ní ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Gọ́pì mẹ́rìnlá ni ó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, ìran àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí ẹni tí ó bá dàgbà sí Èkó ti rí nínú gọ́tà rí, àfi pé tiwa ní ìrù aláràbarà.

Ohun tí ó bá jẹun yóò yàgbẹ́

Orúkọ tí àwọn tí ń ta ẹja fún àwọn ẹ̀dá ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. Wọ́n ń pè wọ́n ní agbálẹ̀. A sì rò pé bí agbálẹ̀ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n rí, tí ń kó ìdọ̀tí nílẹ̀ tí ó sì ń gbé e lọ sí ààtàn. Àpótí ẹja kò ní ààtàn. Ohun tí ẹja ìsàlẹ̀ bá jẹ, inú omi kan náà ni yóò yà á sí.

Bí oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù, ewé àti ìgbẹ́ ẹja bá ń jẹrà nínú omi, ammonia ni ó máa ń ti ibẹ̀ jáde. Ẹja fúnra rẹ̀ a sì máa tú ammonia jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbi tí ó ti ń mí. Májèlé ni ammonia fún ẹja. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gbé lára yanrìn, lára òkúta àti nínú asẹ́ oníkànrìnkàn, ni ó ń sọ ammonia di nitrite. Àwọn mìíràn nínú wọn ń sọ nitrite, tí òun náà ń pa ẹja, di nitrate. Nitrate kò le tó àwọn méjì ìṣáájú bí kò bá pọ̀ jù, pípààrọ̀ omi ni a sì fi ń dín in kù. Nínú àpótí tuntun, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn ohun abẹ̀mí yìí tó pọ̀ tó iṣẹ́ wọn. Àwọn gan-an ni agbálẹ̀. Wọn kò ní ìrù, wọn kò ní lẹ́bẹ́, kò sì sí ẹni tí ń dúró wò wọ́n.

Kí wá ni iṣẹ́ ẹja ìsàlẹ̀? Ó ń rí oúnjẹ tí àwọn ti òkè kò rí, ó ń jẹ ẹ́ kí ó tó jẹrà. Ó ń tú ojú yanrìn. Àwọn kan nínú wọn ń jẹ álígì, ìyẹn ohun àwọ̀ ewé tí ó máa ń yọ̀ lára òkúta odò. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí èyí tí a ń tà lọ́jà tí ó lè fi ìgbẹ́ ẹja mìíràn ṣe oúnjẹ kí ó sì yè. A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé òun ni púpọ̀ nínú yín ń retí, àwa náà sì retí rẹ̀ rí.

Àṣìṣe wa mẹ́ta

Èkíní ni àrọ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ àrọ̀? Ìsàlẹ̀ omi ni ó ń gbé, ó ní irùngbọ̀n mẹ́jọ tí ó fi ń tọ́ ilẹ̀ wò, kò sì sí ohun tí kì í jẹ. A ní agbálẹ̀ tí ó tún ṣeé fi se ọbẹ̀ lọ́la nìyí. Ọ̀kan nínú wa ra ọmọ àrọ̀ mẹ́ta ní oko ẹja kan, wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gọ́pì mẹ́rìnlá ti ku mẹ́fà, a kò sì rí òkú kan ṣoṣo. Ológbò ni a kọ́kọ́ fura sí, a tilẹ̀ fi pákó bo ojú àpótí. Àṣé inú ilé ni ọ̀tá wà. Àrọ̀ a máa ṣọdẹ lóru, ohun tí ó bá sì ti gba ẹnu rẹ̀ ni ó ń gbé mì, títí kan àrọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́sìn ẹja fi máa ń ṣà wọ́n, tí wọ́n ń ya àwọn ńlá kúrò lára àwọn kékeré. Àrọ̀ tí a bá bọ́ dáadáa lè wọn kílò kan láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́fà. A rán an níṣẹ́ agbálẹ̀, ó fi ti ọdẹ jẹ́ ẹ.

Èkejì ni ẹja tí ó máa ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì, èyí tí wọ́n ń pè ní pleco. Hypostomus tàbí Pterygoplichthys ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó sì ti wá. Ẹni tí ó tà á fún wa sọ pé bí àpótí bá ti tó ni ẹja ń tó, pé kò ní dàgbà ju ilé rẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹja yìí máa ń gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, ìyẹn ni pé ó gùn ju ìbú àpótí wa. Lọ́jọ́ tí ó bá tó bẹ́ẹ̀, kò ní rọrùn fún un láti yí padà. Àpótí kékeré kì í sọ ẹja ńlá di ẹja kékeré, ńṣe ni ó ń sọ ọ́ di aláìsàn. Kí tiwa tilẹ̀ tó dàgbà, ìgbẹ́ rẹ̀ gígùn bí òwú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo yanrìn. A ń fi oúnjẹ kún oúnjẹ nítorí rẹ̀, a kò sì tètè máa pààrọ̀ omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gọ́pì mẹ́ta kú láàrin ọjọ́ méjì.

Nígbà náà ni ẹnì kan ní kí a lọ da pleco náà sí odò, kí ó lọ máa jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. A dúpẹ́ pé a kò gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní etí ọ̀sà mọ ewéko olódòdó tí ó ń léfòó, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ tí ó sì ń fa àwọ̀n ya. Gúúsù Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi ń gbé e kiri ayé, ní 1984 ni a sì kọ́kọ́ rí i nínú omi Bàdágìrì. Pleco ti ṣe irú rẹ̀ ní Mẹ́síkò, ní Florida àti ní Philippines, níbi tí àwọn apẹja ń fa àwọ̀n tí wọ́n ń bá a níbẹ̀ dípò ẹja tí wọ́n ń wá. Ẹja àpótí kò gbọdọ̀ dé odò. Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó ní ọpọ́n omi ńlá ni ó gba tiwa.

Ẹ̀kẹta ni ó yẹ kí a jókòó tì.

Nígbà tí owó tán, ọ̀kan nínú wa ní kí ni a tún ń náwó sí, ṣebí ìṣáwùrú kún etí adágún. Ẹni tí ó bá ti rìn yí òkè Jos ká mọ àwọn adágún tí àwọn awakùsà tánńganran fi sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń fa omi wọn bomi rin ewébẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú wọn. Àwọn méjì ká ṣòkòtò sókè, wọ́n wọ inú omi, wọ́n sì bu ìṣáwùrú bí ogún wá nínú ike. Wọ́n ti fẹ́ máa kó wọn sínú àpótí nígbà tí arábìnrin kan láàrin wa, tí ó wà ní ọdún kẹrin nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, wọlé tí ó sì figbe ta. Ó ní kí ẹni tí ó ti ti ọwọ́ bọ inú ike náà tètè nu ún gbẹ, kí ó sì lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ohun tí ó ń bẹ̀rù ni àtọ̀sí ajá. Àrùn yìí kò kan ajá o, kò sì jọ àtọ̀sí tí ọkùnrin àti obìnrin ń kó ran ara wọn. Aràn ni ó ń fà á. Aràn náà ń gbé nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ẹyin rẹ̀ a sì máa bá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó ní in fi ń tọ ẹ̀jẹ̀. Theodor Bilharz, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó rí aràn yìí nínú òkú ènìyàn ní Cairo ní 1851, orúkọ rẹ̀ ni àwọn kan sì fi ń pe àrùn náà ní bilharzia títí di òní. Bí ẹyin náà bá bọ́ sínú omi tútù, ọmọ inú rẹ̀ yóò pa jáde, yóò sì máa wá ìṣáwùrú kiri. Kì í ṣe gbogbo ìṣáwùrú. Ní ilẹ̀ wa, Bulinus àti Biomphalaria ni. Inú ìṣáwùrú ni ó ti ń pọ̀ sí i, tí ọ̀kan ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ọmọ aràn yóò máa tú jáde láti ara ìṣáwùrú sínú omi, awọ ara ènìyàn ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Kò di ìgbà tí a bá mu omi náà. Kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ sáà ti wọ̀ ọ́.

Ẹ wá ro ó wò. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń ti ọwọ́ bọ inú àpótí yìí dé ìgbúnwọ́. Bí ẹyọ kan nínú ìṣáwùrú ogún yẹn bá ní aràn lára, yóò máa tú u sínú omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nínú yàrá tí a ti ń jó tí a ti ń ṣe ìpàdé.

Àwọn kan ti kọ́ bí a ti ń dá Bulinus mọ̀: bí ẹ bá di ìkarahun rẹ̀ mú kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí yín, apá òsì yín ni ẹnu náà yóò wà. Ti Biomphalaria pẹlẹbẹ bí okùn tí a ká sílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe ìdájọ́ ní etí omi. Physa, tí kì í gbé aràn yìí, ẹnu tirẹ̀ náà wà ní òsì, ìṣáwùrú kékeré sì ṣòro fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ láti dá mọ̀. Kí a má ti odò tàbí adágún mú ìṣáwùrú wá rárá ni ó dára jù. Bákan náà ni ewé inú omi, nítorí ẹyin ìṣáwùrú a máa lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Èyí tí wọ́n bá bí sínú àpótí ẹlòmíràn kò ní ewu yìí, nítorí aràn náà kì í ti ara ìyá ìṣáwùrú bọ́ sínú ẹyin rẹ̀.

Àwọn méjì tí wọ́n wọ adágún lọ rí oníṣègùn. Wọ́n sọ fún wọn pé àyẹ̀wò ìtọ̀ ní ọjọ́ kejì kò lè fi ohunkóhun hàn, pé ó lè tó oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ẹyin tó yọjú, kí wọ́n padà wá. Oògùn wà fún un, praziquantel ni orúkọ rẹ̀. Èsì wọn jẹ́ tiwọn, a kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin tí ẹ wẹ odò nígbà èwe, tí ẹ sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tí wọ́n ní ó jẹ́ àmì pé ọmọkùnrin ti ń dàgbà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Àwọn tí a yàn

Ní báyìí, ohun mẹ́ta ni a fi ń yàn: bí àpótí ti tó, bí òtútù Jos ti ń mú, àti bí iná ti ń lọ.

Corydoras paleatus ni a kọ́kọ́ mú. Ó máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà tàbí méje, ó ní irùngbọ̀n kéékèèké lẹ́nu, ara rẹ̀ sì ní àmì dúdú káàkiri bí ìgbà tí yíǹkì ta sí aṣọ. Charles Darwin mú un nígbà ìrìn-àjò ọkọ̀ Beagle, Leonard Jenyns sì ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ní 1842. Àwọn odò Ajẹntínà, Úrúgúwè àti gúúsù Bràsíìlì ni ilé rẹ̀, níbi tí òtútù ti ń mú nínú ọdún. Omi tí ó wà láàrin ìwọ̀n 18 àti 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ibí gan-an ni ó ti bá wa mu. Púpọ̀ nínú ẹja ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń tà láti Èkó wá fẹ́ omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ọyẹ́ bá sì dé sí orí òkè yìí, ẹ̀rọ amómigbóná kò wúlò níbi tí kò sí iná. Aṣọ ìbora àtijọ́ ni a ń fi yí àpótí ká lálẹ́, paleatus kò sì bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ń ka èyí ní Makurdi tàbí Lọ́kọ́ja kí ó má wo tiwa. Corydoras sterbai, tí ó gba ooru, ni kí ó béèrè.

Ẹ ó máa rí i tí yóò sá lọ sókè lójijì, tí yóò gbé afẹ́fẹ́ mì, tí yóò sì padà sí ìsàlẹ̀. Kì í ṣe àìsàn. Ìfun rẹ̀ ni ó fi ń fa afẹ́fẹ́ náà lò, èyí ni ó sì ń gbà á sílẹ̀ nígbà tí iná bá lọ tí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń ṣe é láìsinmi, omi ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ tètè gbé ike.

Kì í dá gbé. Mẹ́fà ni a rà, ẹni tí ó bá ra ẹyọ kan tàbí méjì yóò kàn máa rí wọn lẹ́yìn òkúta ni. Òkúta wẹ́wẹ́ onígun tí a kọ́kọ́ tẹ́ sísàlẹ̀ ni a kó dànù, nítorí ó ń jẹ irùngbọ̀n wọn run. Yanrìn tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò ni a fi rọ́pò rẹ̀. A kù ú, a sá a gbẹ dáadáa, a sì fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Àárọ̀ odindi ni iṣẹ́ náà gbà, ó sì dára kí ẹ mọ̀. Wọ́n ní oúnjẹ tiwọn pẹ̀lú, èyí tí ń rì sísàlẹ̀, tí a ń fún wọn lálẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti pa iná. Ẹja tí a ní kí ó máa jẹ àjẹkù nìkan, ebi ni a fi ń pa á.

Ìkejì ni edé pupa kékeré, Neocaridina davidi, tí ìran rẹ̀ ti Ṣáínà àti Taiwan wá. Kì í ṣe edé ọbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́. Kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, òtútù wa kò sì ṣe é ní nǹkan. Láti àárọ̀ di alẹ́ ni ó ń fi ọwọ́ ṣa nǹkan tíntìntín jẹ lára ewé, òkúta àti asẹ́, ìgbẹ́ tirẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nínú gbogbo wọn, òun ni orúkọ agbálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ. Mẹ́wàá ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń bímọ nínú omi tútù láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n gọ́pì ń jẹ ọmọ rẹ̀, nítorí náà a fi ewé híhù tí ó dí ṣe ibi ìsápamọ́. Ohun méjì ni kò gbọdọ̀ kàn án. Oògùn ẹja tí ó bá ní bàbà nínú yóò pa á, nítorí náà ẹ ka ara ìgò. Òun kò sì lè gbé afẹ́fẹ́ mì bíi Corydoras, ìdí nìyẹn tí a kò fi kó ẹja kún inú àpótí, tí a sì ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì kan nílẹ̀ fún òru tí iná kò bá dé.

Àwọn ìyókù, a kò ní fi wọ́n gùn yín. Otocinclus dára, ó ń jẹ álígì, ṣùgbọ́n àpótí tuntun máa ń pa á. Ancistrus kò tóbi tó pleco, síbẹ̀ àpótí tí ó ju tiwa lọ ni ó yẹ ẹ́. Gyrinocheilus, tí wọ́n ń tà ní orúkọ ajálígì, yóò dàgbà di oníjà tí ń fi ẹnu họ ara ẹja mìíràn. Ìṣáwùrú Nerite ń jẹ álígì gan-an, ẹyin rẹ̀ kì í sì í pa nínú omi tútù, àfi pé ó ń fi àmì funfun kún gbogbo gíláàsì, ojú wa kò sì gbà á.

Ọwọ́ ènìyàn

Lẹ́yìn gbogbo èyí, rọ́bà àti ike ni ó ń kó ìdọ̀tí jáde. Ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan a ń fa omi tí ó tó lítà 13, ìyẹn bí ìdajì kẹ́ẹ̀gì, láti ojú yanrìn níbi tí ìgbẹ́ pọ̀ sí. Inú omi tí a fà jáde yìí ni a ti ń fún kànrìnkàn asẹ́, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ, nítorí chlorine yóò pa àwọn agbálẹ̀ gidi tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Omi tí a ń dà padà ti gbọ́dọ̀ wà nínú ike láìdé fún ọjọ́ kan gbáko kí chlorine lè fò lọ, kí òtútù rẹ̀ àti ti inú àpótí sì lè sún mọ́ra. Bí ẹ bá ra ẹ̀dá tuntun, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ léfòó nínú àpótí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ máa bu omi àpótí sí i díẹ̀díẹ̀, pàápàá fún edé. Ẹ má da omi ọ̀rá sínú àpótí.

Gọ́pì mẹ́ta ni ó kù nínú mẹ́rìnlá. Abo méjì wà nínú wọn, ẹ kò nílò kí a sọ ìyókù. Yàrá kejì ni iṣẹ́ kàn ní Sátidé yìí. Ike àti rọ́bà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.